Fóònù Tó Dákẹ́ ní Bọ́lọ́rundúró

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dùn mí ní Àkúrẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjà Ọba ni mo wà, mo fẹ́ ra aṣọ ìkélé fún yàrá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, mo sì ń ná an bí a ti ń ná ọjà nílé. Obìnrin tó ń tà á gbọ́ mi títí, ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí aránṣọ tó jókòó tì í, ó ní, "Ẹ gbọ́ bí Àgànyìn yìí ṣe ń sọ Yorùbá! Ó mà gbọ́ ọ o."

Kétu tó wà lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà ni wọ́n ti bí mi. Láti kékeré ni bàbá mi ti ń sọ fún wa pé ọmọ Odùduwà ni wá, pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ọba Kétu àti àwọn ọba tó wà ní Nàìjíríà, pé ààlà tí àwọn Òyìnbó fà ló sọ wá di ará ibòmíràn. Ní ilé ìwé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa, Nàgó sì ni àwọn tíṣà ń pè wá. Mo rò pé bí mo bá ti kọjá sí òdìkejì, orúkọ yẹn á bọ́ lára mi, màá kàn di ọmọ ilé. Bí mo ṣe dé ni wọ́n fún mi ní orúkọ mìíràn: Àgànyìn, àlejò láti ẹ̀yìn ààlà.

"Yorùbá ni mí," mo sọ fún un.

"Mo gbọ́," ó ní. "Yorùbá ibo?"

Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó tilẹ̀ fi èènì lé aṣọ náà fún mi, ó ní kí n kí àwọn ará ulé. "Ulé" ló pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Àkúrẹ́ ń pe ilé. Mo gbé aṣọ mi, mo ń lọ, mo ń bi ara mi pé nínú èmi àti òun, ta gan-an ni Yorùbá rẹ̀ yàtọ̀.

Iṣẹ́ ló gbé mi wá. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Kútọnu, mo parí, n kò ríṣẹ́. Obìnrin kan tó máa ń wá ra fóònù àlòkù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ní kí n máa ṣe ògbufọ̀ fún òun, nígbà tó sì rí i pé mo mọ inú fóònù ju iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ, ó ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí kó tó fi í sílẹ̀, ó sì ní ọ́fíìsì oníyàrá méjì lẹ́yìn Alágbàká ní Àkúrẹ́. Màdáámù ni gbogbo wa ń pè é.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti ṣàlàyé, kò rọrùn láti ṣe. Bí iléeṣẹ́ kan bá ra fóònù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn fóònù náà á fọ́n ká. Òmíràn wà lóko, òmíràn wà lórí ọ̀kadà, òmíràn sì wà lọ́wọ́ ọmọ ẹni tó gbà á, tó ń fi wo eré. Ọ̀gá kò mọ ohun tó wà nínú wọn mọ́. Ètò kan wà tí a máa ń fi sínú fóònù kọ̀ọ̀kan kó tó jáde ní ọ́fíìsì. Láti orí kọ̀ǹpútà tiwa ni a ó ti máa rí gbogbo wọn. A lè fi ápù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, a lè ti fóònù pa, a lè kọ ọ̀rọ̀ sójú rẹ̀ kí ẹni tó bá he é lè kà á. A sì lè nu gbogbo inú rẹ̀ nù, kó dà bí èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò rí.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Yíyan èyí tó bá oníbàárà mu ni iṣẹ́ náà gan-an. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo máa ń ka gbogbo ohun tí ètò kan lè ṣe fún oníbàárà, bí ẹni tó ń pe oríkì. Màdáámù jẹ́ kí n pe oríkì mi tán lọ́jọ́ kan níwájú ọ̀gá ilé ìwé kan. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó ní:

"Má kọ́kọ́ sọ ohun tó lè ṣe. Béèrè ibi tí fóònù náà á máa sùn."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Àṣé òótọ́ ni. Bí fóònù bá ń sùn ní abúlé tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ètò tó ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo ìgbà kò wúlò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù olówó pọ́ọ́kú, ètò tó wúwo á gùn ún mọ́lẹ̀ débi pé ìpè lásán kò ní í lè wọlé. Bó bá jẹ́ pé fóònù kan náà ni òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́, tó tún fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, a ó wá èyí tó lè ya ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò ní ilé ẹni, kí ọ̀gá má baà máa yọjú sí yàrá òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ọdún líle ni mo bá. Náírà ń já wálẹ̀, epo bẹntiróòlù gbówó lórí, mo sì ń rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀bá-Ilé wọ ìgboro pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì wọn nínú ọ̀rá. Àwọn ará ilé mi ní Kétu, tí wọ́n ti gbọ́ látẹ̀yìnwá pé Nàìjíríà ni ọrọ̀ wà, kò yé wọn pé ohun tí mo fi ń ránṣẹ́ ń yọ́ lójú ọ̀nà. Dọ́là ni a fi ń sanwó ètò tí à ń lò nígbà náà. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, Màdáámù ní kí n wá òmíràn, èyí tí a lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ara wa, tí kò ní í máa béèrè dọ́là lóṣooṣù.

Mo wá a, mo rí i. Kò lẹ́wà bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò wúwo, ó sì ní sùúrù: bí fóònù kò bá sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, iṣẹ́ tí a rán sí i á dúró dè é títí yóò fi yọjú. Gbogbo fóònù àwọn oníbàárà ni a kó padà wá sí ọ́fíìsì, ni mo bá jókòó tì wọ́n, mo ń fi ètò tuntun náà sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí mo parí, obìnrin kan láti ilé ìfowópamọ́ kékeré kan pè wá pé òun ní ìbéèrè. Àwọn ará ọ́fíìsì ní kí ó bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ó kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn, obìnrin ará Kútọnu yẹn ni kí wọ́n fún òun. Inú mi dùn dalẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Kútọnu kọ́ ni mí.

Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń le jù. Ìyá onílé mi, ará Ọ̀wọ̀, á kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, agboolé á dákẹ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà rí. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní kí àlejò dìde, mo dìde. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ní kí àlejò dìde, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì fi ìgúnpá tọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń jókòó sílé, mo máa ń pe ìyá mi.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Kí lo jẹ?"

"Iyán."

"Iyán lánàá, iyán lónìí. Ṣé wọn kì í jẹ nǹkan mìíràn níbẹ̀ ni?" Ó tún ní, "Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe? Àwọn èèyàn ń bi mí, n kì í mọ ohun tí màá sọ."

"Mò ń tọ́jú fóònù àwọn èèyàn."

"Ò ń tún un ṣe?"

"Rárá. Mò ń ṣọ́ ọ láti òkèèrè, kó má baà sọnù."

"Ó dára," ni ìyá mi wí. "Bí èmi náà ṣe ń ṣọ́ ìwọ nìyẹn."

Ìlú Oǹdó ni oníbàárà wa tó tóbi jù wà. Olóyè Akíndélé ni orúkọ rẹ̀, kòkó ló ń rà. Ilé ìtajà rẹ̀ ń rùn bí ọtí kíkan láti ẹnu ọ̀nà, nítorí kòkó tí wọ́n kó jọ síbẹ̀. Ó ní àwọn ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà lọ sí abúlé láti wọn kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Inú fóònù ni wọ́n ń kọ orúkọ àgbẹ̀ sí, àti ìwọ̀n kòkó rẹ̀ àti bó ṣe gbẹ tó.

"Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n wà tọ̀sán tòru," Olóyè wí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó. "Ohun tí wọ́n ń kọ síra wọn pàápàá, mo fẹ́ máa kà á."

Màdáámù wò mí. Ó mọ̀ pé ètò náà lè ṣe púpọ̀ nínú ohun tí Olóyè ń béèrè. Èmi náà mọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú," mo ní. "A lè máa rí wọn tọ̀sán tòru lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ ń wò wọ́n dé ibùsùn, wọ́n á máa fi fóònù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó lọ sílé. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò wọn gan-an, fóònù nìkan ni ẹ ó rí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. A jọ fà á títí, a fi í sí pé àkókò iṣẹ́ nìkan ni a ó máa rí ibi tí wọ́n wà, àfi bí fóònù bá sọnù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ síra wọn kò kàn wá. Kí wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ lójúkojú. Ohun tí n kò sọ fún Olóyè ni pé mo mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n máa wo èèyàn. Ní ẹnubodè, aṣọ́bodè kan ti tú báàgì mi títí dé àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ a máa mọ iye ojú tó wà lára rẹ̀.

Bọ́dé wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ Olóyè tí mo kọ́ bí a ṣe ń lo fóònù náà. Èèyàn gíga, oníwà pẹ̀lẹ́, tó ti ń ra kòkó fún Olóyè kó tó gbéyàwó. Ó yára kọ́ ohun tí mo ń kọ́ wọn, ó wá ní òun náà gbọ́dọ̀ kọ́ mi ní nǹkan. Èdè Oǹdó ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Mo sọ ọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé mo ti pẹ́ tí n kò rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn.

"Má dààmú," Bọ́dé wí. "Àwọn ará Àkúrẹ́ pàápàá kò lè sọ ọ́."

Ní àsìkò òjò kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Iye tí wọ́n ń ra kòkó ti fò sókè lọ́dún náà, àwọn oníṣòwò sì ń fa òṣìṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá mọ àwọn àgbẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Àárọ̀ ni Olóyè pè wá. Ohùn rẹ̀ le.

"Bọ́dé kò wálé láti àná. Ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró ló gbà lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú mi níbí, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti fà á lọ. Ọ̀kadà mi, òṣùwọ̀n mi, orúkọ gbogbo àgbẹ̀ mi ló gbé lọ. Nu fóònù náà nù."

Mo wo orí kọ̀ǹpútà. Fóònù Bọ́dé ti dákẹ́ láti ọ̀sán àná.

"Bàbá, mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó tì pa. Bó bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹnikẹ́ni kò ní í lè rí ohun inú rẹ̀ mọ́."

"Mo ní kí o nù ún."

"Bí mo bá nù ún, ìṣẹ́jú tó bá kọ́kọ́ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni gbogbo rẹ̀ á lọ, àti ọ̀nà tí a fi lè mọ ibi tó wà. A ò ní í gbúròó rẹ̀ mọ́ láé. Bó bá wá jẹ́ pé nǹkan ló ṣe Bọ́dé ńkọ́?"

"Fóònù ta ni?" ó pariwo. Mo ń gbọ́ ẹkún obìnrin lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé fóònù rẹ ni, àbí tèmi?"

Màdáámù gba ìpè náà lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, ó jókòó sórí àga tó wà níwájú mi. "Fóònù rẹ̀ ni lóòótọ́," ó ní. "Oníbàárà ló ní ọ̀rọ̀. Bí bàbá yìí bá sì fi wá sílẹ̀ lọ́dún yìí, n kò mọ̀ bóyá màá lè ṣí ilẹ̀kùn yìí lọ́dún tó ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ni ó wá ní, "Mo gba àkókò fún ẹ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kò sí nǹkan kan, wàá nù ún."

Mo kọ ọ̀rọ̀ sójú fóònù náà, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá: pé fóònù yìí sọnù, kí ẹni tó bá rí i jọ̀wọ́ tẹ bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀, kó lè bá wa sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí fóònù náà lè ṣe nìyẹn báyìí, kó fi ọ̀rọ̀ yẹn han èèyàn, kó sì pe nọ́ńbà kan ṣoṣo. Mo rán an lọ, mo ń dúró.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó yọjú. Àmì kékeré kan tàn lórí àwòrán ilẹ̀, jìnnà sí Bọ́lọ́rundúró, nínú oko tí kò sí ọ̀nà mọ́tò. Ó gba ọ̀rọ̀ mi, ó tún wọlé lọ. Ẹnikẹ́ni kò pè. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún yọjú. Mo wò ó dáadáa: bátìrì rẹ̀ ti lé sí i. Ẹnì kan ń fi iná sí i.

Mo ní láti sọ fún Olóyè. N kò fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

"Ṣé o rí i!" ó ní. "Ó ń fi iná sí i! Ó wà níbẹ̀, ó ń kà á, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kí lo tún ń dúró dè?"

Bí ènìyàn bá rí fóònù tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pè wá, tó sì ń fi iná sí i, tí kò pè, kí ni a ó sọ pé ó jẹ́? Mo gbé ọwọ́ sórí kọ̀ǹpútà náà láti nù ún, mo sì gbé ọwọ́ kúrò. Mo dìde, mo lọ síta, mo dúró lábẹ́ òrùlé, òjò ń rọ̀. Mo ń ro Bọ́dé, bó ṣe ń fi sùúrù tún ọ̀rọ̀ Oǹdó kan náà pè fún mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko yẹn. Ta ló ń gbé ibẹ̀? Kì í ṣe àwọn tó ni kòkó, inú ìlú ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Àwọn lébìrà ló ń gbé ibẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọdún. Ibo ni wọ́n sì ti ń wá?

Ọ̀dọ̀ wa ni. Mo mọ̀ wọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń rí wọn tí wọ́n ń kóra jọ sínú ọkọ̀ ní Kétu, àwọn ará Sábẹ̀ẹ́, àwọn ará Ìdàáṣà, tí wọ́n ń lọ sí oko kòkó ní Nàìjíríà. Ilé ìwé Faransé ni àwọn tó lọ ilé ìwé nínú wọn lọ, bíi tèmi. Yorùbá wọn wà lẹ́nu, kò sí lójú. Èmi alára, bí kì í bá ṣe Bíbélì ìyá mi, n kì bá tí mọ̀ ọ́n kà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kà á, wọ́n á rò pé pańpẹ́ ni. Àlejò tí fóònù olówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ pé olè ni ọlọ́pàá máa pe òun.

Mo sáré wọlé. Faransé ni mo fi kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ ọ́ pé: Ẹ má bẹ̀rù. Kò sí ọlọ́pàá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin tó ni fóònù yìí ní ìyàwó tó ń sunkún. Ọmọ Kétu ni èmi tí mò ń kọ ọ́. Ẹ tẹ ibí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Ojú ọ̀run ti ń ṣókùnkùn díẹ̀, Màdáámù sì ti wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí fóònù ọ́fíìsì dún.

Ohùn ọkùnrin ni. Ó fi Faransé kí mi, mo dá a lóhùn. Kíá ló yí i sí Yorùbá, Yorùbá ọ̀dọ̀ wa tí n kò tí ì gbọ́ létí láti ọjọ́ tí mo ti dé.

"Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Kétu ni ọ́?"

"Òótọ́ ni."

"Kò sí ọlọ́pàá?"

"Kò sí. Mo fi ìyá mi búra."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọkùnrin náà wà lọ́dọ̀ wa. Inú kòtò ni a ti rí i, ọ̀kadà wó lé e lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti ṣẹ́. Ibà ń ṣe é, kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Omi ti gba afárá, ọ̀gá oko kò sí, a kò mọ ẹni tí a ó pè. Ẹ tètè máa bọ̀."

Màdáámù ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Bọ́lọ́rundúró ni a ti pàdé Olóyè. Ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá, ìyàwó Bọ́dé sì jókòó sí iwájú, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ibi tí mọ́tò kò lè kọjá mọ́, ẹsẹ̀ ni a fi wọ́ omi. Ọkùnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ dúró dè wá lẹ́bàá odò. Séídù ni orúkọ rẹ̀, ará Sábẹ̀ẹ́ ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó sì gbé àdá dání bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kò tí ì dá lójú.

Inú ahéré ni wọ́n tẹ́ Bọ́dé sí, lórí ẹní. Wọ́n ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ wé e. Ọ̀kan nínú wọn ń fi àkísà tútù nu orí rẹ̀. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ àtùpà kékeré tó ń fi oòrùn gba iná. Wọ́n ní àwọn kò lè ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn kò jẹ́ kí iná fóònù náà kú nítorí pé àwọn lérò pé bó pẹ́ bó yá, ohùn ẹnì kan á ti inú rẹ̀ jáde.

Ìyàwó Bọ́dé kúnlẹ̀ tì í, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Olóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí fìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí ẹní náà mú, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e." Òun àti àwọn lébìrà ló gbé e la omi kọjá, pẹ̀lú agbádá lára rẹ̀.

Bọ́dé kò kú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní ìlú Oǹdó, ó pẹ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì tọ́ mọ́ bó ṣe wà. Ìdí òṣùwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù ni Olóyè fi í sí, kò gun ọ̀kadà mọ́. Olóyè kò sọ ohun tó sọ lọ́jọ́ náà mọ́, èmi náà kò sì rán an létí. Ohun kan ló ní kí a ṣe: kí ọ̀rọ̀ ojú gbogbo fóònù òun wà ní Faransé pẹ̀lú. Màdáámù ní kí n fi í sí ti gbogbo oníbàárà. Báyìí, bí ẹnì kan bá wá bá wa pé kí a yan ètò fún òun, lẹ́yìn tí mo bá ti béèrè ibi tí fóònù á máa sùn, mo máa ń béèrè pé ta ló ṣeé ṣe kó he é.

N kò lè sọ pé ọjọ́ yẹn ló sọ mí di ọmọ Àkúrẹ́. Wọ́n ṣì ń béèrè ibi tí mo ti wá, mo sì ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti ń rù kiri bí ẹrù tó yẹ kí n gbé pamọ́: ilé ìwé tí mo lọ, èdè tí wọ́n fi kọ́ mi, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde lẹ́nu mi. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo sì rí i pé ohun èlò ni.

Nígbà tí afárá ti dára, Olóyè ní kí n bá òun mú ọpẹ́ lọ fún àwọn ará ahéré náà. Ìrẹsì, epo, bàtà òjò àti aṣọ ni a kó lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́. Olóyè ní kí n bi Séídù bóyá ohun mìíràn wà tó fẹ́.

Séídù wo ilẹ̀. Ó ní fóònù òun ti bàjẹ́ láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni òun sì mọ̀ sórí. "Ìyàwó mi," ó ní. "Bóyá wọ́n ti sọ fún un pé mo ti kú."

Mo gbé fóònù tèmi fún un. A rìn dé orí òkè kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró dáadáa, ó tẹ nọ́ńbà náà pẹ̀lú ìka tó nípọn, ó gbé e sétí. Mo kúrò díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wọn lè jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin náà lọ sókè débi pé mo gbọ́ ọ.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni," Séídù wí.

"Ìwọ ta?"

"Èmi ni," ó tún wí, ó sì jókòó sórí koríko tútù náà. "Séídù ni. Èmi ni."